Ẹ má gbàgbé ẹni tí Joshua lù ní Wembley

Sí Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá ìwé ìròyìn, Olódùmarè ò ní jẹ́ kó rẹ̀ yín. Ọ̀rọ̀ kan ló ti ń jẹ mí lọ́kàn tipẹ́, mo sì rò pé ojú ewé yín ló yẹ kí n ti sọ ọ́, torí ẹ̀yin lẹ máa ń kọ nípa ẹ̀ṣẹ́ kíkàn ní èdè táwọn bàbá wa nílé àtàwọn ọmọ wa ní ṣọ́ọ̀bù lè kà kó yé wọn dáadáa.

Ohun tó ń dùn mí ni bá a ṣe máa ń ṣe abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò tí wọ́n bá ti lù. Ẹ̀jẹ̀ ò tíì gbẹ lójú ẹni ẹlẹ́ni, wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀: "ó ti tán fún un", "kó lọ sinmi nílé", "a kúkú ti mọ̀ pé kò lè ṣe é". Àwọn tó ń pariwo orúkọ ẹ̀ lánàá ló máa kọ́kọ́ bú u. Nínú ìwé ìròyìn náà, ẹ má bínú sí mi, kì í ṣe tiyín nìkan, gbogbo wọn ni, ẹni tó borí ni wọ́n máa gbé fọ́tò ẹ̀ gàdàgbà síwájú, wọ́n á ní ó ṣe báyìí ó ṣe bọ̀ọ́, ẹni tí wọ́n lù á gba ìlà kan péré nísàlẹ̀: "ó fìdí rẹmi". Ó parí. Mi ò ní kẹ́ ẹ má yin ẹni tó borí o, ó tọ́ sí i. Àmọ́ ìjà tó dáa, èèyàn méjì ló ń jà á, tí ẹnì kejì bá kàn sùn lulẹ̀ ní ráùndì kìíní tí kò dìde mọ́, kí la fẹ́ yin ẹni tó borí fún?

Ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ lónìí kì í ṣe ọmọ wa rárá. Ọmọ Ukraine ni, Wladimir Klitschko, òun sì ni Anthony Joshua lù ní pápá Wembley ní London lọ́jọ́ 29 oṣù kẹrin ọdún 2017. Mo mọ̀ pé tí wọ́n bá ti dárúkọ alẹ́ ọjọ́ yẹn, Joshua la máa ń rántí, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, Olúwafẹ́mi ni, ìdílé wọn wá láti Ṣàgámù, ọmọkùnrin tó ya àwòrán ilẹ̀ Áfíríkà sára tó sì fi Nàìjíríà hàn nínú ẹ̀. Èmi náà yọ̀ lọ́jọ́ yẹn, mo yọ̀ gan-an ni. Ṣùgbọ́n bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, ẹni tí ọkàn mi máa ń lọ sọ́dọ̀ ẹ̀ tí mo bá tún wo ìjà yẹn ni bàbá ẹni ọdún 41 tí wọ́n gbé ṣubú lẹ́ẹ̀mẹ́ta tó sì dìde lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó lé ní ọdún 9 tí Klitschko fi jẹ́ ọ̀gá láàárín àwọn abẹ̀ṣẹ́ tó wúwo jù lọ láyé, ó ń lù wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, síbẹ̀ àwọn èèyàn ò fi bẹ́ẹ̀ nífẹ̀ẹ́ ẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n wá lù ú yẹn gan-an ni ayé ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un ní ọ̀wọ̀ tó ti yẹ kí wọ́n fún un tipẹ́.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé fáwọn tí ò mọ ibi tọ́rọ̀ ẹ̀ ti wá. Góòlù Òlíńpíìkì ni Klitschko gbà ní Atlanta lọ́dún 1996 kó tó wá di ẹni tó ń kan ẹ̀ṣẹ́ gbowó. Ó ga ju mítà kan ààbọ̀ lọ dáadáa, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà méjì, ó kàwé débi pé ó gba oyè dókítà nínú ìmọ̀ eré ìdárayá, ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ sì le débi tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Òòlù Irin. Àléébù kan ṣoṣo tí wọ́n máa ń sọ nípa ẹ̀ ni àgbọ̀n ẹ̀, wọ́n ní kò gba ìyà, tẹ́ ẹ bá ti lè kàn án síbẹ̀ ó ti bùṣe. Wọn ò sì ṣàdédé sọ bẹ́ẹ̀. Ross Puritty ló kọ́kọ́ dá a dúró ní Kyiv níbi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n, lọ́dún 1998. Corrie Sanders ọmọ South Africa wá gbé e ṣánlẹ̀ léraléra ní Hannover lọ́dún 2003, ráùndì kejì ni wọ́n ti dá ìjà yẹn dúró. Ọdún tó tẹ̀ lé e Lamon Brewster tún ṣe é bẹ́ẹ̀ ní Las Vegas ní ráùndì karùn-ún. Nígbà yẹn gbogbo ènìyàn ti ní ó tán, àní àwọn kan ní kó kúkú fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n ẹ̀ Vitali.

Emanuel Steward, kóòṣì àgbà láti Detroit, ló tún un ṣe. Ó kọ́ ọ pé kó máa fi jáàbù, ìyẹn ẹ̀ṣẹ́ tààrà ọwọ́ òsì, lé wọn sẹ́yìn, kó má jẹ́ kí wọ́n sún mọ́ òun, tí wọ́n bá sì sún mọ́ ọn kó dì mọ́ wọn, kó fi gbogbo ìwọ̀n ara ẹ̀ tẹ̀ wọ́n lórí títí rẹfirí á fi yà wọ́n. Ó ṣiṣẹ́. Láti oṣù kẹrin ọdún 2006 tó ti gba bẹ́líìtì IBF, ọ̀kan lára àwọn ẹgbẹ́ tó ń fúnni ní oyè àgbáyé, lọ́wọ́ Chris Byrd ní Mannheim, kò sẹ́ni tó lè gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ mọ́ títí di ìparí ọdún 2015, ó tún lọ fi ti WBO kún un lọ́wọ́ Sultan Ibragimov, ó gba ti WBA lọ́wọ́ David Haye ní Hamburg lọ́dún 2011, ẹ̀ẹ̀mejìdínlógún ló gbèjà oyè ẹ̀ tó sì borí. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń wòran, ara wọn ò yá sí i. Ní Moscow lọ́dún 2013, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló gbé Alexander Povetkin lulẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹrin o, ohun tí àwọn èèyàn ń sọ bí wọ́n ṣe ń lọ sílé ni bó ṣe ń dì mọ́ ọn. Wọ́n ní ẹ̀rù ló ń bà á. Wọ́n ní kò lọ́kàn.

Àwa ọmọ Nàìjíríà ló yẹ ká ti mọ̀ pé irọ́ ni, torí ọ̀kan lára wa ló dán ọkàn yẹn wò. Samuel Peter láti Akwa Ibom, ọ̀dọ́ tí ẹ̀ṣẹ́ ẹ̀ ń ba gbogbo wọn lẹ́rù nígbà yẹn, kò sẹ́ni tó tíì lù ú rí. Òun àti Klitschko pàdé ní Atlantic City ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2005, kò tíì pẹ́ sígbà tí Brewster gbé e lulẹ̀, gbogbo ènìyàn sì ti ń retí pé Samuel á parí iṣẹ́ náà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni Samuel Peter gbé e lulẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó dìde lẹ́ẹ̀mẹ́ta náà, ó jà dé ráùndì kejìlá, àwọn adájọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló fún un, máàkì 114 sí 111 ni gbogbo wọn kọ. Ẹni tí ò lọ́kàn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé lẹ́yìn ọjọ́ yẹn ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń jà láìjẹ́ kí wọ́n rí i gbá mọ́, ó wá mọ̀ ọ́n débi pé ayé gbàgbé pé ó lè ṣubú kó dìde.

Ẹ wá gbọ́ ti Tyson Fury, abẹ̀ṣẹ́ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, torí ibẹ̀ gan-an ni kókó ọ̀rọ̀ mi wà. Ọjọ́ 28 oṣù kọkànlá 2015, ní Düsseldorf, Klitschko pàdánù gbogbo bẹ́líìtì ẹ̀ sọ́wọ́ Fury. Kò ṣubú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́jọ́ yẹn. Ráùndì 12 ló fi ń wo Fury, ọwọ́ ọ̀tún tí wọ́n torí ẹ̀ pè é ní Òòlù Irin ò jáde, Fury ń rìn kiri, ó ń fi í ṣe ẹlẹ́yà, ó tiẹ̀ káwọ́ sẹ́yìn níwájú ẹ̀, òun náà ń wò ó, ìjà parí, wọ́n fún Fury. Nínú ìwé àkọsílẹ̀ ẹ̀ṣẹ́, pípàdánù ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ti Joshua náà, pípàdánù ni wọ́n kọ síbẹ̀. Tẹ́nì kan bá kàn ń ka ìwé, á ní ìkan náà ni, á tiẹ̀ ní ti Joshua ló burú jù torí ibẹ̀ ni wọ́n ti gbé e lulẹ̀. Èmi ní rárá, ẹ má kà á bẹ́ẹ̀ rárá. Ti Düsseldorf, ara ẹ̀ le ṣùgbọ́n orúkọ ẹ̀ bàjẹ́. Ti Wembley, wọ́n lu ara ẹ̀, orúkọ ẹ̀ wá dìde ju ti ìgbà tó ń jẹ́ ọ̀gá lọ.

Oṣù mẹ́tàdínlógún ló fi jókòó láìjà láàárín méjèèjì. Wọ́n ní òun àti Fury á tún jà, wọ́n sún un, wọ́n tún sún un, Fury fi bẹ́líìtì sílẹ̀. Ní gbogbo àsìkò yẹn, ó lówó, ó lọ́mọ, ó ti pé 40 ọdún, Steward tó tún un ṣe ti kú látọdún 2012. Ta ló máa bi í tó bá ní òun ti fẹ̀yìn tì? Ó wá ní òun máa bá ọmọ ọdún 27 jà, ọmọ tí òun fúnra ẹ̀ ti pè wá sí káńpù ẹ̀ lọ́dún 2014 láti wá máa bá òun ṣe ìdánrawò, ọmọ tó ti ja 18 tó sì fi nọ́káòtù parí gbogbo 18 náà, níwájú èèyàn 90,000 tó jẹ́ pé ti ọmọ náà ni ọ̀pọ̀ jù wọn. Èmi ò mọ nǹkan tí wọ́n ń pè ní ìgboyà tí èyí kì í bá ń ṣe é.

Ẹ̀yin tí ẹ wò ó, ẹ jẹ́ ká jọ rántí ẹ̀. Látìbẹ̀rẹ̀ lẹ ti máa rí i pé Klitschko ọjọ́ yẹn kì í ṣe ti Düsseldorf, ẹsẹ̀ ẹ̀ ń yí, kò dì mọ́ ọmọ yẹn bó ṣe máa ń dì mọ́ èèyàn, ó ń wá ìjà. Ráùndì karùn-ún Joshua já jáde bí ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀, ó bò ó mọ́lẹ̀, Klitschko ṣubú, ojú òsì ẹ̀ bẹ́, ẹ̀jẹ̀ ń dà, gbogbo Wembley dìde. Mo mọ èèyàn tó ti pariwo pé ó tán. Ṣé ẹ rántí ohun tó wá ṣẹlẹ̀? Kí ráùndì yẹn gan-an tó parí, bàbá yẹn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde nílẹ̀ ló ń lé Joshua kiri, Joshua ti lo gbogbo agbára ẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀ ti ń gbọ̀n, ohun tí Klitschko bá sì kàn án ló ń dùn ún. Ráùndì kẹfà ló wá sọ ọwọ́ ọ̀tún yẹn. Ọwọ́ ọ̀tún tí a ń wá ní Düsseldorf tá ò rí. Joshua lulẹ̀ gbàà, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni máa gbé e lulẹ̀ látìgbà tó ti ń kan ẹ̀ṣẹ́ gbowó. Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí ọkàn wa ṣe rí ní ìṣẹ́jú yẹn.

Àwọn kan ní ibẹ̀ ló ti yẹ kó parí ẹ̀, wọ́n ní ó dẹ̀ jù, wọ́n ní ó ń fi jáàbù ṣe sùúrù dípò kó gbé gbogbo ẹ̀ lé e. Èmi náà gbà pé àǹfààní ló bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ ní ráùndì kẹfà yẹn sí ìkeje, ṣùgbọ́n mi ò lè bá a wí. Ọkùnrin tí Sanders àti Brewster ti fìyà jẹ, tó fi ọdún mọ́kànlá kọ́ ara ẹ̀ pé kò gbọdọ̀ kánjú, ṣé nínú ìṣẹ́jú méjì lẹ fẹ́ kó gbàgbé gbogbo ẹ̀kọ́ yẹn? Ìṣọ́ra tó fi jẹ́ ọ̀gá fún ọdún 9 náà ló wá gba ìjà yẹn lọ́wọ́ ẹ̀. Èyí ni mo máa ń rò tí mo bá wò ó, ó sì máa ń dùn mí fún un.

Nígbà tí ráùndì kẹwàá parí, adájọ́ méjì ló ní Joshua ló ń mú iwájú, 96 sí 93 àti 95 sí 93, adájọ́ kẹta ní rárá o, Klitschko ni, 95 sí 93. Ìyẹn ni pé ìjà ṣì ṣí sílẹ̀, ẹni ọdún 41 ṣì lè gba bẹ́líìtì ẹ̀ padà. Ráùndì kọkànlá wá dé. Joshua kàn án lọ́wọ́ ọ̀tún, ó ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, Joshua wá gbé ẹ̀ṣẹ́ apákọ́ọ̀tù yẹn wá látìsàlẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ rí i, orí Klitschko fò sókè bí ẹni pé ó fẹ́ kúrò lọ́rùn. Kò ṣubú! Ẹ̀ṣẹ́ yẹn, èèyàn míì ò bá sùn síbẹ̀ di àárọ̀. Joshua wá ń rọ̀jò ẹ̀ṣẹ́ lé e lórí, ó ṣubú, ó dìde, Joshua tún gbé e lulẹ̀, ó tún dìde, ó fẹ̀yìn ti okùn, ẹ̀ṣẹ́ ń bọ̀ látọ̀tún látòsì, kò wá ibi jókòó, rẹfirí David Fields ló wọ àárín wọn ní ìṣẹ́jú 2 àti ìṣẹ́jú àáyá 25. Lórí ìdúró ni wọ́n ti dá ìjà dúró fún un. Kò sẹ́ni tó kà á dé mẹ́wàá lórí ilẹ̀.

Àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ pé Joshua ni wọ́n wá wò wá ń pàtẹ́wọ́ fún un. Nígbà tí wọ́n gbé maikirofóònù síwájú ẹ̀, kò ṣàwáwí, kò ní rẹfirí ló yára, kò ní ojú tó bẹ́ ni, ó ní ó dun òun pé kò bọ́ sí i, ó sì kí Joshua tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Joshua náà ò fi ṣe yẹ̀yẹ́, níwájú gbogbo èèyàn ló ti sọ pé àwòkọ́ṣe ni Klitschko jẹ́ fún òun nínú ríìngì àti níta. Àdéhùn wà nínú ìwé wọn pé wọ́n lè tún jà, wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ Las Vegas ní oṣù kọkànlá, owó ńlá ló máa jẹ́, ó wò ó títí, ọjọ́ 3 oṣù kẹjọ ó ní òun ti ṣe tán, òun fẹ̀yìn tì. Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wẹ̀yìn wò. Ó wẹ̀yìn wò, ó rí i pé òun ò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè mọ́. Ìjà tó fi parí iṣẹ́ ẹ̀ yìí kì í ṣe èyí tó borí, síbẹ̀ òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dárúkọ tí wọ́n bá fẹ́ sọ pé ọ̀gá ni. Oṣù kejìlá ọdún 2020 ni wọ́n kéde orúkọ ẹ̀ fún ilé ìyìn àwọn abẹ̀ṣẹ́ ní Canastota ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí ogun Rọ́ṣíà sì wọ Ukraine ní oṣù kejì ọdún 2022, tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ jẹ́ olórí ìlú Kyiv, òun náà wà ní Kyiv pẹ̀lú àwọn tó ń dáàbò bo ìlú, kò sá.

Ẹnì kan máa ní ṣé mo fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ wa máa dúró kí wọ́n lù wọ́n pa kí wọ́n lè gbayì ni. Rárá o, Ọlọ́run ò ní jẹ́. Rẹfirí ṣe dáadáa bó ṣe dá a dúró. Ẹ ò rántí Joe Frazier àti Muhammad Ali ní Manila, ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 1975? Lẹ́yìn ráùndì kẹrìnlá, ojú Frazier ti wú pa, kò ríran mọ́, ó ṣì fẹ́ jáde fún ìkẹẹ̀ẹ́dógún, kóòṣì ẹ̀ Eddie Futch ló ní kó jókòó, ó ti tó. Frazier pàdánù lórí àga ẹ̀. Ẹ sọ fún mi, ta lẹ gbọ́ tó ń fi Frazier ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí Manila? Kóòṣì tó bá ní kí ọmọ ẹ̀ jókòó, òun náà yẹ lẹ́ni tí à ń kọ orúkọ ẹ̀ sínú ìwé ìròyìn, torí òun ló jẹ́ kí ọmọ náà padà sílé bá àwọn ọmọ ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá sì ní ti òyìnbó ni mò ń sọ, ẹ jẹ́ ká wá sí Ghana níbí. Azumah Nelson, ọ̀gá kan ló jẹ́ fún wa ní West Africa yìí. Ọjọ́ 21 oṣù keje 1982 ni wọ́n mú un lọ sí Madison Square Garden ní New York kó lọ bá Salvador Sánchez ọmọ Mexico jà fún oyè àgbáyé. Ìgbà yẹn, oyè Áfíríkà àti ti Commonwealth wà lọ́wọ́ Azumah lóòótọ́, ṣùgbọ́n ní Amẹ́ríkà ta ló mọ̀ ọ́n? Ìjà 13 péré ló ti jà, ẹlòmíì ló yẹ kó bá Sánchez jà, wọ́n kàn sáré pe Azumah ni nígbà tí ọjọ́ ti sún mọ́lé. Ó ja Sánchez dé ráùndì kẹẹ̀ẹ́dógún. Azumah lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní ráùndì keje, ìyẹn ò dá a dúró, ó ń bá a lọ, ráùndì tó kẹ́yìn ni Sánchez ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i parí. Gbogbo New York ń béèrè pé ta nìyí. Ó ṣeni láàánú pé Sánchez ò pé oṣù kan lẹ́yìn ìyẹn tí jàǹbá ọkọ̀ fi pa á, ẹni ọdún 23 ni. Azumah ní tiẹ̀, ìjà tó pàdánù yẹn ló ṣí ilẹ̀kùn fún un, ní oṣù kejìlá 1984 ó lọ lu Wilfredo Gómez níwájú àwọn èèyàn ẹ̀ ní San Juan ní Puerto Rico, ó sì gba bẹ́líìtì WBC. Ká ní àwọn ìwé ìròyìn ọdún 1982 ti kọ ọ́ pé "ó fìdí rẹmi" tí wọ́n sì ti ojú ewé náà pa, wọn ì bá ti pàdánù ìtàn tó dùn jù.

Mo wá padà sọ́dọ̀ Joshua tiwa. Ohun tí a ṣe fún Klitschko, ṣé a ṣe é fún un? Nígbà tí Andy Ruiz gbé e lulẹ̀ ní New York ní oṣù kẹfà 2019, àwọn tó ń pè é ní ọmọ Ṣàgámù lánàá ló tún ní ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni, wọn ò mọ̀ ọ́n rí. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà ó gba bẹ́líìtì ẹ̀ padà ní Saudi Arabia, ó tún di ọmọ wa. Oleksandr Usyk, abẹ̀ṣẹ́ ọmọ Ukraine, lù ú lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n ti ẹlẹ́ẹ̀kejì ní Jeddah lọ́dún 2022, ẹ lọ tún un wò, adájọ́ kan fún Joshua, ní ráùndì kẹsàn-án ó ti ń fi ẹ̀ṣẹ́ lé Usyk kiri, ìjà tó jà dáadáa ni, Usyk ló kàn mọ̀ ọ́n jù ú lọ. Kí la rántí nínú ẹ̀? Pé ó gba maikirofóònù lẹ́yìn ìjà tó ń sọ̀rọ̀ tí ọkàn ẹ̀ gbọgbẹ́. Èèyàn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lù, tó ti fi gbogbo ayé ẹ̀ ṣiṣẹ́ fún nǹkan yẹn, ẹ fẹ́ kó máa rẹ́rìn-ín? Ní oṣù kẹsàn-án 2024, ní Wembley kan náà, Daniel Dubois gbé e lulẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin. Mi ò ní parọ́, ìjà yẹn ṣòro láti wò. Síbẹ̀ ẹ wo ráùndì karùn-ún, ẹni tí wọ́n ti gbé lulẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó dìde, ó kan Dubois, Dubois ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, Joshua lọ bá a kó parí ẹ̀, bó ṣe ń lọ yẹn ni ẹ̀ṣẹ́ tó gbé e sùn bá a. Kì í ṣe pé ó ń sá o, ó ń lọ síwájú ni. Ohun tí Klitschko ṣe níwájú ẹ̀ lọ́dún 2017 lòun náà ṣe, èmi ò sì rí ìwé ìròyìn kan tó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lédè Yorùbá. Ohun tí mo kà ni pé kó lọ fẹ̀yìn tì.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára tó báyìí ni pé àwọn ọmọ wa ń kà á. Ẹ lọ sí Rowe Park ní Yaba, ẹ lọ sí àwọn ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ẹ̀ṣẹ́ kíkàn ní Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, ẹ máa rí ọmọ tí gílóòfù ẹ̀ ti ya, tó ń fò okùn nínú oòrùn, tí ò tíì rí ẹnikẹ́ni fún un lówó ọkọ̀. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ máa pàdánù, dandan ni, kò sẹ́ni tó ń kan ẹ̀ṣẹ́ tí wọn ò ní lù. Tó bá jẹ́ pé lọ́jọ́ tí wọ́n lù ú ni àdúgbò máa yọ ṣùtì sí i, tí ìwé ìròyìn sì máa gbàgbé orúkọ ẹ̀, ẹ̀kọ́ tó máa kọ́ ni pé kó máa wá ẹni tí ò lè jà láti bá jà, kí àkọsílẹ̀ ẹ̀ lè mọ́. Bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ní àwọn ti ja 15 àwọn ò tíì pàdánù, tẹ́ ẹ bá wo àwọn tí wọ́n bá jà, ẹni tó ń rìn lọ lójú títì ni. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá pàdé ojúlówó, wọn ò ní mọ bí wọ́n ṣe ń dìde nílẹ̀, torí wọn ò ṣubú rí.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ò le. Tẹ́ ẹ bá tún fẹ́ kọ̀wé nípa ìjà ẹ̀ṣẹ́, yálà ti òkè òkun tàbí èyí tí wọ́n jà ní Èkó níbí, ẹ bá wa fún ẹni tó pàdánù ní ìdajì ojú ewé. Kí akọ̀ròyìn yín wọ yàrá ẹ̀ lọ bi í pé báwo ló ṣe rí, kí ló rí tó fi ṣe báyìí ní ráùndì báyìí, kí ló kù tó fẹ́ ṣe. Ẹ kọ orúkọ kóòṣì ẹ̀. Tó bá sọ òótọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ bó ṣe sọ ọ́. Tí kò bá jà dáadáa, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ náà, mi ò ní kẹ́ ẹ parọ́ fún un, ti Düsseldorf kì í ṣe ti Wembley, ẹ jẹ́ káwọn òǹkàwé mọ ìyàtọ̀. Ẹ sì jọ̀ọ́, bí ẹ bá ń wá ibi tẹ́ ẹ máa ti bẹ̀rẹ̀, ẹ wá ẹnì kan lára àwọn abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò wa àtijọ́ tó ṣì wà láyé, kẹ́ ẹ bi í léèrè ìjà tó pàdánù tó ṣì ń dùn mọ́ ọn nínú láti sọ. Mo mọ̀ pé á ní ọ̀kan, mo sì máa ra ìwé ìròyìn yín lọ́sẹ̀ yẹn.

Èmi ni tiyín,
Olólùfẹ́ ẹ̀ṣẹ́ kíkàn kan,
Ìbàdàn.